Ìwádìí Tí A Ṣe Ní Bẹ́yẹrunka

Mo ti kórìíra Ìbàdàn kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo wá débẹ̀, mo rí i pé ìkórìíra tí mo dì látilé kò tó rárá. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo fojú rí, tí mo sì fimú gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní í bù mọ́ ọn.

Àsìkò tí mò ń wí yìí, òyìnbó kò tíì pẹ́ nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ ojú irin ti ń dún ní Ìbàdàn, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì ti fìdí kalẹ̀ sí Àgọ́dì, ṣùgbọ́n ní abúlé tiwa lọ́nà Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ la fi ń rin ibi gbogbo. Èmi ti wà nílé ọkọ, mo ti ń tọ́mọ. Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi, ló kù tí kò tíì lọ. Ọkùnrin ará Ìbàdàn kan tó máa ń kiri aṣọ wá sí ọjà wa ló ní òun fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà gbáfẹ́, ẹnu rẹ̀ dùn, ó mọ bí a ti í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ó ní ìyàwó tí òun ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kó jáde, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gba iṣẹ́ mọ́. Bàbá wa náà kò kọ̀, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí àwọn ò mọ ilé rẹ̀. Ó di dandan kí á ṣe ìwádìí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń pàdé ara yín lójú títì lè má mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹbí ìyàwó á rán ènìyàn lọ yẹ ilé ọkọ wò. Ẹni tí wọ́n rán kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá. Á ṣe bí èrò ọ̀nà, á tọrọ omi mu lójúlé ọkọ, á tọrọ omi mu lójúlé àwọn aládùúgbò, ojú rẹ̀ á sì máa ríran. Ṣé wárápá wà nínú ìdílé wọn? Ṣé ẹ̀tẹ̀? Ṣé wọ́n ń jalè? Ṣé wọ́n ń na ìyàwó? Ohun tó bá bọ̀ wá sọ, òun náà ni wọ́n máa tẹ̀ lé, kò tún sí àròyé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ni wọ́n rán. Wọ́n ní kí èmi sin Ìyá lọ. Owó tí Bàbá fún wa kò pọ̀, Ìyá sì tún háwọ́. Ìyá so owó náà mọ́ etí ìró, wọ́n ká ìró náà mọ́ ìdí gírígírí. Láti ìgbà tí a ti kúrò nílé títí a fi padà dé, kò sí ohun tí a rà tí a kò kọ́kọ́ fi jà.

Bẹẹrẹ la gbà wọ ìlú. Yéè! Òjò kò rọ̀, oòrùn kò ràn, ojú ọ̀run kàn ṣú dùdù, ooru sì dì mọ́ni lára bí aṣọ tútù. Òógùn ń dà lára mi láti orí dé gìgísẹ̀, eruku pupa ń lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ń họra bí ajá. Ọ̀nà kankan kò sí. Ìdí ilé onílé là ń gbà, láàárín ògiri sí ògiri, omi balùwẹ̀ wọn ń ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ wa kọjá, ó ní ìfófòó lórí, ó ní irun nínú. Ibi tí àyè bá ti ṣí díẹ̀, àkìtàn ló wà níbẹ̀, tí igún ń rìn lórí rẹ̀ bí onílé. Mo pòṣé títí ètè mi fi ń dùn mí.

Ìyá ní tiwọn dúró láàárín gbogbo ẹ̀gbin yẹn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ìlú nìyí! Ìlú ńlá nìyí!"

Mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ṣé imú yín ń gbọ́ òórùn báyìí?"

Wọ́n ní, "Òórùn owó ni."

Ebi ń pa wá. Obìnrin kan ń ta ẹ̀wà nítòsí ibẹ̀, Ìyá sì ti rí i pé ènì rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Èmi rí nǹkan mìíràn. Obìnrin náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà tún ewé tó ń bù ú sí ṣe. Eṣinṣin bò ó débi pé n kò mọ èwo ni ẹ̀wà, èwo ni eṣinṣin. Mo bẹ Ìyá pé kí á ra ẹ̀kọ tútù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá ní ẹ̀kọ kì í ní ènì nílùú yìí, àwọn ti bèèrè. Mo di imú, mo jẹ ẹ́. Kí ni n bá ṣe? Ó dùn pàápàá, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù.

Ìyá ní kò yẹ kí á kánjú dé ilé tí a ń lọ, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀dọ̀ wọn la dìídì wá. Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ wo ìlú, pé wíwò kò náni ní nǹkan kan. La bá gun òkè Màpó. Àwọn lébìrà ń fọ́ òkúta lápá kan, ẹ̀rún òkúta ń fò wọ̀ wá lójú, ọkùnrin kan sì ń tọ̀ sídìí ògiri láìwo ẹ̀yìn. Nígbà tí a dókè, Ìyá nawọ́ síwájú, wọ́n ń fi òrùlé hàn mí: òrùlé ewé, òrùlé páánù tó ti dípẹtà, òrùlé lórí òrùlé, kò lópin. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí, ohun tí mò ń rò ni pé abẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni àbúrò mi máa wà títí yóò fi darúgbó. Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún Ìyá pé ẹ̀rún òkúta ni.

Ọjà'ba ló wá burú jù. Irú tó ti kẹ̀, ẹja tó ti ń ra, awọ ẹran tí wọ́n sá, ọṣẹ dúdú, ara ènìyàn, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀, ó di òórùn kan ṣoṣo, ó wá jókòó sí mi lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ń tì mí síwájú, wọ́n ń tì mí sẹ́yìn. Alárù kan tó ru ewúrẹ́ lé èjìká gbá mi, ewúrẹ́ náà sì ya ìgbẹ́ sí mi léjìká. Mo kígbe. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí fi mí ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní kí n yáa gbà á, pé ọ̀fẹ́ ni. Èmi tí mò ń fọ aṣọ mi ní ojoojúmọ́! Ìyá ní kí n má ra omi fọ̀ ọ́, pé yóò gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí oòrùn wá là, a dé àdúgbò ọkùnrin náà ní Bẹ́yẹrunka. A tọrọ omi lójúlé àwọn aládùúgbò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Obìnrin kan gbé igbá fún wa. Mo yọjú wo inú rẹ̀, tanwíjí ń jó nínú omi, wọ́n ń tàdí sókè. Àwọn wolé-wolé ìjọba wà nígbà náà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ìkòkò omi wò kiri ilé. Níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ mọ̀. Ìyá fi ẹnu fẹ́ tanwíjí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n mu ún, wọ́n ní kí èmi náà fẹ́ ẹ kí n mu. Mo ní òùngbẹ kò gbẹ mí mọ́.

Ìyá bèèrè bí ẹni tí kò ní nǹkan í ṣe pé irú ènìyàn wo ló ń gbé ilé onípáánù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Obìnrin náà ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n máa ń kírun, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ojúlé kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ojúlé kẹta, ìyá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Òun kò dá wa lóhùn. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ ti mu omi níbẹ̀?" A ní rárá. Ó ní, "Ẹ lọ mu ún ná," ó sì padà sídìí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀.

Ká má parọ́, ilé náà mọ́. Mo ní ó mọ́! Wọ́n gbá gbogbo ojúde, wọ́n da iyanrìn funfun sí i, ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ wínníwínní. Ìyá ọkùnrin náà, obìnrin arẹwà kan tó wé gèlè funfun, tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bi wá pé kí la wá ṣe. Ó bu omi nínú àmù wá, igbá tó fi bù ú funfun, omi náà tutù, ó mọ́ gaara. Mo mu ún, mo tún tọrọ sí i. Òun nìkan ni ohun tí mo jẹ tàbí mu ní Ìbàdàn tí n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ń tẹ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú wọn ń sọ pé ọ̀rọ̀ parí.

Omi yẹn náà ló fa gbogbo rẹ̀. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí. Mo sọ fún ìyá ọkùnrin náà, ó sì yára dáhùn pé kí n gba iwájú jáde, àkìtàn àdúgbò wà níbẹ̀. Ó ní kí n má gba ẹ̀yìn o, ajá àwọn burú. Mo jáde, mo rí àkìtàn náà, mo rí àwọn tó ká aṣọ sókè sórí rẹ̀ ní gbangba, mo ní láéláé! Mo rìn lẹ́bàá ògiri títí mo fi yípo ilé, mò ń wá igbó kékeré kan tí n bá sá sí.

N kò rí ajá kankan. Òórùn ni mo kọ́kọ́ pàdé, kì í sì í ṣe irú òórùn tí mo ti ń bú láti àárọ̀. Ẹran ara ènìyàn tó ń jẹrà ni. Àtíbàbà kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe fara ti ògiri, obìnrin kan jókòó sórí àjákù ẹní lábẹ́ rẹ̀. Kò ju èmi lọ púpọ̀. Egbò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó fi àkísà wé e, eṣinṣin sì ń wọ inú àkísà náà wọ́n ń jáde. Igbá fífọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Èébì gbé mi. Mo fi ìborùn bo imú.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ bọ́ sápá ibí yìí, afẹ́fẹ́ kò ní í gbé e sí yín."

Mo bọ́ síbi tó fi hàn mí.

Ó ní, "Ìwádìí lẹ bá wá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbálẹ̀ láti àná. Ẹnìkan tó ń bá ọmọ wọn kiri aṣọ ti rí yín lọ́nà. Ṣé wọ́n ti fún yín lómi?"

Mo ní wọ́n ti fún wa.

"Ó tutù, àbí? Àwọn tó wá wádìí fún èmi náà mu ún. Inú wọn dùn gan-an."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó tí wọ́n ní ó ti kó jáde?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo ni mo fi jáde?"

Mo gbọ́ ohùn Ìyá tí wọ́n ń pè mí níwájú, obìnrin náà sì ń fọwọ́ lé mi pé kí n máa lọ kíá, kí wọ́n má rí mi níbẹ̀. Mo lọ. A dúpẹ́ omi, a dágbére, a jáde.

A kò tíì kúrò ní àdúgbò náà dáadáa tí mo ti tú gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Mo ní kí wọ́n bá mi padà lọ wò ó. Ìyá dúró gbọn-in lójú ọ̀nà, inú bí wọn sí mi bí wọn kò ti í bínú rí. Wọ́n ní, "Àwọn ènìyàn tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n fún mi lómi, kí n wá lọ máa yọjú wo ẹ̀yìnkùlé wọn? Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Ìwọ̀fà wọn kan tó ń ṣàìsàn lo rí."

Mo ní, "Ìyàwó ni, Ìyá. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí a ti wọ ìlú yìí, kí lo rí tí o kò pòṣé sí? Ẹ̀wà ń rùn, omi ń rùn, òkè ga jù, ènìyàn pọ̀ jù. Nígbà tí o wá dé ilé tó mọ́, o lọ wá òórùn lọ sẹ́yìn ilé. Kò wù ọ́ kí àbúrò rẹ lọ ni, sọ ọ́!"

Wọ́n fà mí lọ́wọ́, a forí lé ọ̀nà ilé.

Nílé, Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà ló ni ín. Wọ́n ka páánù, wọ́n ka iyanrìn, wọ́n ka omi. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ohun tí mo rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí i tí àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ìráhùn mi kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, bí wọ́n ṣe mọ̀ mí nìyẹn láti kékeré. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi yìí, bó bá dé ọ̀run alákeji, yóò ní wọn kò gbá ibẹ̀ dáadáa." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà pé kó máa bọ̀ wá sanwó orí. Ìlú tó ń rùn, mo lè sá fún un. Ẹbí tó ń rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Àbúrò mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Mo sọ ti ibi tí obìnrin náà ní kí n bọ́ sí nítorí afẹ́fẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé, "Ìlú wo ló ti wá? Ta ni àwọn ènìyàn rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀, wọ́n ti ń pè mí.

Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ọkùnrin yẹn ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, mo mọ̀. Ó ní, "Àwọn tó wádìí fún un náà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n rìn wá, wọ́n mu omi, wọ́n lọ sílé lọ sọ pé ó dára. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sẹ́yìn ilé yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ta ni nínú yín tó máa wá tọrọ omi?"

Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní òun kò fẹ́ mọ́. Bàbá bú u, Ìyá bú èmi, wọ́n ní mo ti da omi tútù sí i lọ́kàn. Ó sunkún ní gbogbo ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì, àmọ́ kò yí ohùn padà, kò sì sí ẹni tó lè wọ́ ọ lọ.

Nígbà tí ara ilé rọlẹ̀ díẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ mi, èmi àti àbúrò mi sì tún forí lé Ìbàdàn. Ẹ má rò pé ìlú náà ti ń wù mí. Ó tún rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, òjò ti wá rọ̀, àkìtàn sì ti ń ṣàn bọ́ sójú ọ̀nà, mo sì tẹ̀ ẹ́ dé kókósẹ̀. Mo bú Bẹẹrẹ, mo bú Ọjà'ba, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. A kò gba iwájú ilé náà rárá. Ẹ̀yìn ògiri la gbà lọ.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti rù sí i. Àbúrò mi kúnlẹ̀ tì í, kò bo imú, ó fún un ní omi tí a gbé dání láti abúlé, ó sì bi í léèrè ìlú rẹ̀. Ó ní Ìsẹ́yìn ni, ó sọ agboolé wọn fún wa. Mo ní a máa lọ bá wọn, kí wọ́n wá gbé e.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá níjọ́sí. Iwájú ló dúró sí. Wọ́n ní mo ti bá ọkùnrin kan sá lọ sí Èkó. Mo pè é, ohùn mi ò lọ sókè. Ó mu omi, ó gbé mi ṣépè, ó lọ." Ó di ọwọ́ àbúrò mi mú. "Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà níbí lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ èpè náà tán. Ẹ ní n kò bínú, kó ṣáà wá."